Ìkéde Kẹta

Kí n tó di alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa aṣíwájú. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ àwùjọ: ìdí tí ẹnì kan fi ń wúkọ́ tí gbogbo ilé fi ń pa rọ́rọ́, tí ẹlòmíràn sì ń ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò gbójú sókè. Lọ́dọọdún ni mo ń fa ìlà mẹ́ta sójú pátákó, tí mo ń kọ orúkọ Max Weber, ọmọ Jámánì, sókè wọn. Àṣẹ tó ti inú àṣà wá nìyí, bíi ti ọba. Àṣẹ tó ti ara èèyàn wá nìyí, bíi ti wòlíì tàbí jagunjagun tí wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn nítorí wọ́n gbà pé ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò sí lára wọn. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ òfin: ipò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó jókòó síbẹ̀. Màá sọ fún wọn pé Weber kú ní 1920, pé ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ìwé ńlá rẹ̀ jáde, pé Marianne ìyàwó rẹ̀ ló tò ó jọ. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e padà fún mi nínú ìdánwò, èmi á fún wọn ní máàkì, gbogbo wa á sì gbà pé a ti mọ nǹkan.

Ẹ̀kẹta yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Mo máa ń wo Baba, ẹni tó jẹ́ alága wa láti ìgbà tí títì àdúgbò wa ṣì jẹ́ ojú ọ̀nà oko, ẹgbẹ́ náà á sì ṣe mí láàánú. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Baba. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ la ti ń ṣèpàdé, ní ọ̀sán Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń fi sí. Tó bá di aago mẹ́rin, Baba nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú rédíò kékeré létí. Títí di aago márùn-ún làwọn onílé á ṣì máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀. Àdúrà méjì la máa ń gbà, ti Alájì àti ti Pásítọ̀, èyí tó bá sì ṣe ìkejì gbọ́dọ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Baba á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ọmọ ta ló ṣèdánwò, ẹsẹ̀ ta ni kò jẹ́ kó sùn, àwọn wo ni wọ́n gbọ́ ariwo wọn lálẹ́ ọjọ́sí. Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú.

Ti owó ńkọ́? Ẹni tó bá jẹ owó ọlọ́dẹ á mú ìdajì wá, á máa fi orí họ, Baba á kọ ọ́ sínú ìwé gbọọrọ kan tí ẹlòmíràn kì í rí inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní àga oníke àti kánópì tí a fi owó wa rà, a ní a ó máa fi wọ́n pawó. Wọn ò pa kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọmọ lórúkọ á kàn rán àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé Baba kí wọ́n lọ rù wọ́n wá. Àwọn àga kan máa ń padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn mìíràn ò padà rárá.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni géètì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ìgbà kan ṣoṣo tí òfin yìí ń ṣiṣẹ́ ni ìgbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá bá fẹ́ wá bẹ̀ wá wò. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti géètì gbọn-in, Ọlọ́dẹ á wọ bàtà, Baba á dúró ṣánṣán bíi pé orúnkún rẹ̀ ò dùn ún rí. Tí ọlọ́pàá bá ti kọjá, ó parí. Ẹni tó bá dé láago kan òru á fọn fèrè ọkọ̀, Ọlọ́dẹ á jáde nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, á ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà.”

Ní ìpàdé ìparí ọdún kan, Baba ní orúnkún òun ò gbà mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Robert Michels, tó kọ ìwé ní 1911 nípa ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ní Jámánì. Mo ní ẹgbẹ́ yẹn ń pariwo pé ti gbogbo mẹ̀kúnnù làwọn, síbẹ̀ àwọn díẹ̀ ló ń tukọ̀ rẹ̀. Pé Michels ní ibi yòówù kí èèyàn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni àṣẹ ń bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Mo ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yìí gan-an nìyẹn. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá Akọ̀wé, tó ti fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Dókítà, Michels yìí, ilé nọ́ńbà mélòó ni tiẹ̀?”

“Kì í gbé àdúgbò yìí, sà. Ó ti kú.”

“Á jẹ́ pé kò jẹ wá ní owó ọlọ́dẹ nìyẹn. Ẹ máa bọ́rọ̀ yín lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mi ò sì sọ fún wọn pé Michels kan náà tó kìlọ̀ nípa ìjọba àwọn díẹ̀ padà wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Mussolini ní Ítálì. Ìyẹn ì bá ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Baba ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Dókítà ṣe é. Ó kàwé.” Gbogbo wọn ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé òfin ti borí àṣà. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ló dìbò. Mo ní wọn ò dìbò, Baba ló ní kí n ṣe é. Ó wò mí, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní àkókò náà gan-an, ìwé Alvin Gouldner ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ lè mọ bí ojú mi ṣe là tó nígbà tí mo ń rìn sínú kòtò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Gouldner. Ó lọ ṣe ìwádìí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń wa òkúta jípúsọ́ọ̀mù nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń fi í ṣe pákó ìgànná, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1954. Ọ̀gá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó pè ní Old Doug, orúkọ àdàpè ni. Lábẹ́ Doug, ara tu àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọn ò ní pa á. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe lè mú irinṣẹ́ tàbí pákó lọ. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta pàápàá, àwọn kan ń mú un lọ sílé láti fi pẹja. Wọ́n lẹ òfin “Ẹ má mu sìgá” mọ́ gbogbo ògiri, gbogbo èèyàn sì ń mu sìgá lábẹ́ rẹ̀, àfi tí ẹni tó ń yẹ ibẹ̀ wò fún ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ń bọ̀.

Ọ̀gá tuntun wá dé, Peele lorúkọ tí Gouldner fún un. Orílé iṣẹ́ ló rán an kó wá mú nǹkan gún. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní oore, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ ẹ́. Nítorí náà ló ṣe di òfin mú. Ó lé ẹni tó gbé ẹ̀tù, ó pààrọ̀ àwọn ọ̀gá kéékèèké, ó fi àwọn tirẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí òun lórí gbogbo nǹkan. Ohun tí Gouldner rí, tí mo máa ń fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni pé kì í ṣe ìwà Peele ló burú. Ibi tó dúró sí ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jogún àga tí kò jogún èèyàn, ìwé àti òfin nìkan ló kù tó lè fi pàṣẹ.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè ní kíláàsì. “Sà, kí ló wá yẹ kí Peele ṣe?”

Mo fọwọ́ sápò. Mo ní ó yẹ kó kọ́kọ́ la ojú sílẹ̀, kó jókòó ti àwọn èèyàn, kó mọ ohun tí àṣà kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún wọn kó tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wakọ̀ lọ sílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ Ìkéde Kìíní.

Ìkéde Kìíní ní aago mẹ́rin ni aago mẹ́rin, kí ẹni tó bá pẹ́ san 500 náírà. Ìkéde Kejì ní ẹni tó bá fẹ́ lo àga gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ní ọjọ́ 14 ṣáájú, kó san 50 náírà lórí àga kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé buwọ́ lù ú. Ìkéde Kẹta ló dà bí ọmọ bíbí inú mi. Mo jókòó tì í di òru. Géètì yóò máa tì ní aago mẹ́wàá, kò sì ní ṣí títí di aago márùn-ún ìdájí, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo rò ó pé ó ṣì kù. Kí wọ́n má bàa sọ pé mò ń ṣe ti àwọn alágbára, mo fi gbólóhùn kan kún un: “láìyọ alága sílẹ̀.” Mo kà á fún ìyàwó mi léraléra. Mo ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀. Mo sì tò pàjáwìrì tó lè mú kí wọ́n ṣí i: iná, aláboyún, àti aláìsàn tó bá ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fi rọ́bà bo ìwé náà kí òjò má bà á jẹ́, mo gbé e kọ́ sí àgọ́ Ọlọ́dẹ.

Mo yan ìgbìmọ̀ amúṣẹ́yá pẹ̀lú: Pásítọ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Àìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni yìí gan-an ni mo torí ẹ̀ yàn án. Mo ní kò ní ṣojúsàájú. Peele ì bá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìjà. Ìjà ò dé. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ọba bá ti sú Ọ̀yọ́ Mèsì, ẹyin odídẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ní àdúgbò wa, wọn ò fi ẹyin kankan ránṣẹ́ sí mi. Ìgbọràn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Aago mẹ́rin kì í lù kí wọ́n má ti jókòó. Wọ́n á gbọ́ ohun tí mo bá sọ, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á dìde. Ká tó ṣẹ́jú, ìpàdé ti tán, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Mo ń yangàn nílé. Ìyàwó mi ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò rí i pé wọn ò béèrè ọmọ yín mọ́?” Mo ní ìyẹn ò sí nínú ètò ìpàdé.

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Wọ́n pé pérépéré, wọ́n to ara wọn lé ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé, eruku ń bò wọ́n. Ìyá Ìbejì ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, àga òpópónà kejì ló lọ háyà ní ìlọ́po méjì owó tí mo bù lé tiwa. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì, mo kí wọn. Wọ́n dáhùn. Wọn ò sọ pé kí n jókòó jẹun. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi rò pé oúnjẹ ló tán.

Ohun kan tún ń ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ “nígbà ayé Baba.” Nígbà ayé Baba, wọn kì í jí nǹkan. Nígbà ayé Baba, iná kì í lọ báyìí. Baba ọ̀hún ò kú. Ó wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Gouldner ti rí èyí náà lára àwọn òṣìṣẹ́ Peele, ó sì yá orúkọ fún un láti inú ìwé ìtàn Daphne du Maurier tí wọ́n ń pè ní Rebecca, níbi tí ìyàwó kejì ti ń gbé nínú òjìji ti àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ròyìn Doug bí ẹni mímọ́, ìgbà tó wà níbẹ̀ sì ńkọ́, wọ́n ń ráhùn sí i dáadáa. Mo mọ gbogbo èyí. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá Akọ̀wé pé ó ní orúkọ nínú ìwé. Ó ní Ọlọ́run á wo gbogbo wa sàn.

Ọ̀rọ̀ àga kọ́kọ́ kàn mí. Àwọn àna ọmọ mi obìnrin ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mo kọ lẹ́tà, mo san owó. Bàbá Akọ̀wé ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ìka, ó tún un kà, ó ní ọjọ́ 12 ló kù, 14 ló wà nínú ìkéde. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dá lẹ́tà mi padà pẹ̀lú sítáǹbù, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ wa ní sítáǹbù. Orí àga òpópónà kejì làwọn àna mi jókòó sí, orúkọ ẹgbẹ́ onílé òpópónà náà wà gàdàgbà ní ẹ̀yìn wọn. Bàbá ọkọ ọmọ mi kà á, ó ní, “Ṣé ibi tí ẹ ti ń ṣe alága nìyí?” Mo ní kó jẹ́ ká fi ẹmu gbé e wálẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ojú rẹ̀ ì bá là níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Èkó ni mo ti ń bọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa láti Ìbafò, nígbà tí ó sì fi jẹ́ kí n dé oríta Ṣàgámù, ìrọ̀lẹ́ ti lọ. Ebi ń pa mí, fóònù mi ń kú lọ. Nígbà tí mo fi máa yà wọ àdúgbò wa, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Géètì wà ní títì. Mo fọn fèrè bí a ṣe ń fọn ọ́n láyé Baba. Ọlọ́dẹ jáde. Kò wọ bùláńkẹ́ẹ̀tì, bàtà ló wọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

“O ṣé. Ṣí i.”

“Aago mẹ́wàá ti kọjá, sà.”

“Èmi ni o.”

“Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lalága wa.”

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara àgọ́ rẹ̀. Ìkéde Kẹta ń dán nínú rọ́bà. Ó fi ìka tọ gbólóhùn tí mo fi kún un, kò sì wo ìwé náà bó ṣe ń kà á. Ó ti há a sórí. “Láìyọ alága sílẹ̀.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ débi pé mi ò lè bínú sí i. Mo na owó sí i láti àárín irin géètì. Ó ní òun ò lè gbà á, pé Ìkéde Kẹta bu ìtanràn ìdajì owó oṣù lé ẹni tó bá gbà á. Lóòótọ́ ni. Mo ti gbàgbé ìlà yẹn.

Mo pe òṣìṣẹ́ báńkì. Ó ti pa fóònù. Mo pe Pásítọ̀. Ó wà ní ìṣọ́ òru, mo gbọ́ ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n gbàdúrà. Mo pe Bàbá Akọ̀wé.

“Ṣé ilé ń jó ni, Alága?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé ẹ lóyún ni?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mò ń tò ó bí ẹ ṣe tò ó ni. Àìsàn ló wá kù.”

“Inú ń run mí, sà.” Irọ́ kọ́, ebi ni.

“Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìwé dókítà ńkọ́?”

“Dókítà ni mí!”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Kì í ṣe irú dókítà yẹn,” ó wí, ó sì kí mi pé ó dàárọ̀.

Ọlọ́dẹ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó sọ ọ́ gba òkè géètì fún mi. Ẹ̀fọn ṣe mí lálejò. Ọlọ́dẹ fún mi ní ẹ̀pà láti àárín irin, a jọ ń jẹ ẹ́, òun nínú, èmi níta. Níbẹ̀ ni Chester Barnard ti wá sí mi lọ́kàn, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní New Jersey, tó kọ ìwé ní 1938 lórí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá. Ó ní kì í ṣe ẹnu ẹni tó pàṣẹ ni àṣẹ wà, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n pa á fún ló wà; tí ìyẹn bá gbà á ló tó di àṣẹ. Ìwé yẹn ni mo fi gba máàkì tó pọ̀ jù nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Mo wo Ọlọ́dẹ. Ó gba àṣẹ mi dé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fi í tì mí síta. Barnard ò kọ ohun tí èèyàn á ṣe sí irú ìyẹn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ọlọ́dẹ rọra ní, “Ẹ ò ṣe pe Baba, sà?”

Mo ní kò pọn dandan. Mo ní kí n ṣì jókòó. Ẹ̀fọn kan wọ etí mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìgbéraga mi fi ku díẹ̀, fóònù mi náà sì ku díẹ̀, mo wá pe Baba. Baba ò tíì sùn. Mo gbọ́ rédíò rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Dókítà ni, sà. Mo wà níta.”

Kò béèrè ohun tí mò ń ṣe níta. Ó ní, “Gbé e fún ọmọ yẹn.” Mo na fóònù gba àárín irin. Mi ò mọ ohun tí Baba sọ, kò gùn. Ọlọ́dẹ ní “Ẹ ṣé, sà,” ó dá fóònù padà, ó ṣí géètì gbayawu. Bí mo ṣe ń wakọ̀ wọlé, ó ní, “Ẹ má bínú, Alága. Òfin ni.”

Èmi tí mo ti ya ìlà mẹ́ta sójú pátákó lọ́dọọdún, mo wá lọ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Akọ̀wé lọ́jọ́ kejì bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó mú ìwé gbọọrọ yẹn jáde láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀, Baba ti gbé e fún un. Ayẹ̀wéwò á dákú tó bá rí i. Owó ọlọ́dẹ tí wọ́n dá ní oṣù kan ni wọ́n fi gbé ọmọ Ọlọ́dẹ jáde ní ọsibítù. Àga tí kò padà wá, ọ̀dọ̀ opó kan tó ń ta ìrẹsì ni wọ́n wà. Baba kọ “ó ń lò ó” síwájú wọn. Nígbà tí tirafọ́mà jó, àwọn tí wọ́n ti pẹ́ dé ìpàdé, tí Baba ò sì bu owó ìtanràn lé, ni wọ́n kọ́kọ́ dáwó. Gouldner kan náà kọ̀wé ní 1960 lórí òfin pé oore ni èèyàn ń fi san oore. Sáà ìkejì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìyẹn, nínú iṣẹ́ mìíràn. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé kí n jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé.

Kí ẹ má sì rò pé mo wá sọ Baba di áńgẹ́lì. Àna rẹ̀ ò san owó rí, ó wà nínú ìwé náà kedere. Àwọn ayálégbé ò ní ìlà kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ báńkì mi. Ẹni tí kò jẹ Baba ní oore ò ní ohùn lábẹ́ igi máńgòrò. Michels ò purọ́. Ohun tó jẹ́ ni pé èmi náà jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ, mi ò sì rí ẹni tó ń jẹ mí ní nǹkan kan. N. A. Fadipe ti parí ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, títí kan agbo ilé àti baálé rẹ̀. Ìwé náà jáde ní Ìbàdàn ní 1970, ó wà lórí pẹpẹ mi, ẹ̀yìn ìwé àwọn ará Jámánì ni mo tò ó sí.

Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe èmi, pé ibi tí mo dúró sí ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, pé ìwádìí fi hàn. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ṣé ibi tí mo dúró sí náà ló tẹ ìkéde.

Mo fi iṣẹ́ pípọ̀ bojú, mo gbé ipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún. Alájì ló gbà á. Ó yọ Ìkéde Kẹta lára àgọ́, ó dá àga padà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo èèyàn ń yìn ín. Àmọ́ òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n máa fi fóònù san owó tààrà sí báńkì, pé òun ò ní gba ìdajì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ni ariwo bá sọ. Mo jókòó sẹ́yìn lábẹ́ igi máńgòrò, mo na etí. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo mọ ohun tó kàn. Gouldner ti sọ ọ́: ọ̀gá tó ti lọ ni wọ́n ń fi òróró yàn nígbà tí ti tuntun bá ni wọ́n lára. Mo ń retí kí ẹnì kan ṣí ẹnu, kó ní nígbà ayé Dókítà.

Ìyá Ìbejì pòṣé. “Nígbà ayé Baba,” ó ní, “kò rí báyìí.”

Wọ́n fò mí kọjá bí ẹni pé kò sí alága kankan láàárín. Gbogbo ìpàdé mi orí, èmi náà sì bá ara mi tí mò ń mi orí. Baba gbé rédíò kúrò létí, ó ní, “Èwo ló ń jẹ́ nígbà ayé mi? Ta ló kú?”